Búrẹ́dì Àfọwọ́ṣe Nínú Ilé Ẹni

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tà Ìgànmọ́dẹ, ẹ̀yin ọmọ Awórì, ẹ̀yin ará Ṣàngó, ará Ìjòkó àti ará Àtàn, onílé àti àlejò tí oúnjẹ òòjọ́ kó wá sí ilẹ̀ Ọlọ́ta, mo bẹ̀ yín kí ẹ yá mi ní etí yín fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ aáwọ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, oúnjẹ náà sì ni búrẹ́dì.

Ìlú wa yìí kì í sùn. Láti ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò títí dé abẹ́ afárá Ṣàngó, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti to ara wọn lọ́tùn-ún lósì, bí àwọn òṣìṣẹ́ kan ti ń wọlé ni àwọn mìíràn ń jáde, kí ilẹ̀ sì tó mọ́ tán, ẹ ó ti rí àwọn ìyá tí wọ́n gbé àtẹ búrẹ́dì ka orí, tí ẹ̀wà àgànyìn sì ń gbóná lẹ́bàá wọn nínú ìkòkò, nítorí oúnjẹ òṣìṣẹ́ ni búrẹ́dì í ṣe: kò dúró de ọbẹ̀, kò dúró de àwo, a lè fi ọwọ́ kan mú un jẹ kí a sì fi ọwọ́ kejì di irin ọkọ̀ mú. Síbẹ̀, oúnjẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́ yìí, díẹ̀ nínú wa ni ó mọ bí a ti í ṣe é. Obìnrin tí ó mọ àmàlà ro tí kò ní kókó, tí ó mọ ògì sẹ́ tí ó máa ń funfun báláú, bí ẹ bá bi í léèrè ohun tí ń mú kí búrẹ́dì wú, yóò ní iṣẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì nìyẹn, pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é, pé àfi ẹni tí ó bá mọ ààrò bíríkì sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ àti ìwúkàrà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí ni ìpìlẹ̀ búrẹ́dì tí ń wú ní ọ̀pọ̀ ibi ní ayé. Ìkarùn-ún wọn, tí ó sì jẹ́ olórí, a kì í rà á ní ọjà, nítorí pé àkókò ni. Ẹni tí ó bá lè fún ìyẹ̀fun ní àkókò tirẹ̀ yóò jẹ búrẹ́dì tí ó dára nínú ilé ara rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni ó háyà. Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ẹ ó sì rí i kí n tó dákẹ́ pé bí a bá yọ ẹ̀sọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ búrẹ́dì, ewu ni a máa ń fi dípò rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kò bá búrẹ́dì nílẹ̀. Àlìkámà tí a fi ń ṣe é kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olójò bíi tiwa. Òkè Ọya, ní Kánò, ní Jígáwà, ní Bọ̀rnó àti ní Kébbì, ni a ti ń gbìn ín ní Nàìjíríà, èyí tí a sì ń kórè níbẹ̀ kò tó wa jẹ rárá, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá sí èbúté Àpápá, níbi tí ilé-iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní ọdún 1962. Ṣùgbọ́n kí ọlọ ńlá náà tó dé ni búrẹ́dì ti di ohun àjẹmọ́ra fún àwọn ará Èkó àti agbègbè rẹ̀, ọkùnrin kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé orúkọ rẹ̀ sì ni ó ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà nínú ọ̀rọ̀ náà. Amos Shackleford ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí a bí ní 1887, tí ó bá iṣẹ́ akọ̀wé ọkọ̀ ojú irin wá sí Nàìjíríà ní 1913. Nígbà tí ó di 1921, ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀, ó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Òun ni a kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ onírin róbótó méjì wá, èyí tí a ń ti ìyẹ̀fun pípò bọ̀ láàárín rẹ̀ léraléra títí yóò fi dán tí yóò sì máa fà. Kí ó sì tó fi ayé sílẹ̀ ní 1954, ọba búrẹ́dì ni àwọn ènìyàn ń pè é.

Ẹ̀rọ onírin méjì yìí gan-an ni ó wà nídìí búrẹ́dì Agége, aládùúgbò wa, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ojú irin tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, gba Agége kọjá, ó gba ẹkùn tiwa níhìn-ín kọjá lọ sí Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì tí ó ki, tí ó dùn, tí a lè fà ya bí ẹni ń ya òwú, ṣe di oúnjẹ èrò ọkọ̀, oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé àti oúnjẹ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́.

Nígbà tí ẹnu tí ń jẹ búrẹ́dì wá pọ̀ ju ọwọ́ tí ń ṣe é lọ, ìkánjú wọ inú iṣẹ́ náà. Àwọn kan rí i pé kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ potassium bromate lè mú kí ìyẹ̀fun lágbára kíákíá, kí búrẹ́dì sì ga fíofío, láìjẹ́ pé wọ́n dúró de àkókò. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn onímọ̀ rí i pé kẹ́míkà náà ń ba kíndìnrín àwọn ẹranko tí wọ́n fi dán an wò jẹ́, ní 1999 sì ni àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ tò ó sí ara àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn. Ní 2003, lábẹ́ ìṣàkóso olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, àjọ NAFDAC, tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fi òfin dè é ní ilẹ̀ wa. N kò sọ èyí láti fi ba àwọn oníbúrẹ́dì wa lórúkọ jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́ ní òru nígbà tí àwa ń sùn, tí wọ́n sì yẹ ní kíkí. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí kẹ́míkà náà ń ṣe ní ìkánjú, ọwọ́ tí ó ń po ìyẹ̀fun àti aago tí ó ń lọ lè ṣe é láìsí ewu kankan, àkókò yìí gan-an sì ni ohun tí ilé ní ju ilé-iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá mọ ohun tí ìwúkàrà jẹ́, tí àwọn tí ń tà á ní Ṣàngó ń pè ní yíìsì. Hóró wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú páálí tàbí ọ̀rá kékeré yẹn, ohun alààyè ni. Gbígbẹ ni a gbẹ ẹ́ tí ó fi sùn, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó sì ń jí i. Bí ó bá ti jí, ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó ti ń jẹ ṣúgà ni ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Inú àlìkámà sì tún ní ohun kan tí kò sí nínú àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gluten, tí ó jẹ́ pé bí omi bá ti kàn án, tí a sì pò ó dáadáa, yóò máa nà, yóò sì máa fà láìjá. Òun ni ó ń ká afẹ́fẹ́ ìwúkàrà mọ́ inú, tí ìyẹ̀fun pípò fi ń wú. Kò sí awo mìíràn níbẹ̀ ju èyí lọ. Ní 1857 ni Louis Pasteur, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí ni ó wà nídìí kíkan àti ríru. Ṣùgbọ́n kí a tó bí Pasteur ni àwọn ìyá wa ti ń rẹ àgbàdo sómi fún ògì, tí wọ́n ń di ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò kí ó lè kan, tí àwọn adẹ́mu sì ń wo ìfófó tí ń ru ní ẹnu akèrègbè. Ìfófó ẹmu yẹn, iṣẹ́ ìwúkàrà ni, ìwúkàrà inú ẹmu sì bá ti inú búrẹ́dì tan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń fi ẹmu po ìyẹ̀fun búrẹ́dì nígbà tí ìwúkàrà inú páálí kò tíì tàn kálẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé iṣẹ́ yìí jìnnà sí wa.

Ó yá, ẹni tí ó bá ní gègé àti ìwé lọ́wọ́, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà, èyí tí a ń pè ní fúláwà, ìdajì kílò. Ìwúkàrà gbígbẹ, ṣíbí tíì méjì tí a rẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, èyí tí ó tó gíráàmù méje. Iyọ̀, ṣíbí tíì kan. Ṣúgà, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Bọ́tà, ṣíbí ìjẹun méjì. Omi, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mìlílítà. Ọ̀rá omi mímu tí a ń tà ní ojú pópó gba ìdajì lítà, nítorí náà, ìdajì ọ̀rá kan àti díẹ̀ lórí rẹ̀ ni ẹ ó lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó túbọ̀ dùn lè fi mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Mo tún un sọ fún ẹni tí kò gbọ́ tán: ìyẹ̀fun ìdajì kílò, ìwúkàrà ṣíbí tíì méjì, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì, omi ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mìlílítà.

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ọwọ́ wíwẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń pàdánù nìyí, nítorí wọ́n rò pé bí omi bá ti gbóná tó ni ìwúkàrà yóò ti yára tó, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná ni ó ń pa á. Bí ooru bá fi lè tó ọgọ́ta lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwúkàrà ti kú, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò jí i mọ́. Ẹ kán omi náà sí ọrùn ọwọ́ yín: bí kò bá ta yín, tí kò sì tutù, ó tó. Ẹ da ìwúkàrà àti ṣíbí ṣúgà kan sínú rẹ̀, ẹ rò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìfófó bá bo ojú omi náà, ìwúkàrà yín yè. Bí omi náà bá dákẹ́ lọ láìru, ẹ má ṣe fi ìyẹ̀fun yín ṣòfò, ẹ lọ ra òmíràn, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí a kọ sí ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ da ìyẹ̀fun sínú abọ́ fífẹ̀, ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà tí ó kù mọ́ ọn, kí iyọ̀ má baà dà lé ìwúkàrà lórí ní tààrà, nítorí iyọ̀ púpọ̀ lójú kan a máa fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ gbẹ́ ihò sí àárín ìyẹ̀fun náà, ẹ da omi ìwúkàrà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, yóò sì rí játijàti. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù, ẹ má sì sáré bu ìyẹ̀fun kún un, nítorí ìyẹ̀fun àbùkún yẹn ni ó ń sọ búrẹ́dì di òkúta. Ẹ fi bọ́tà sí i, ẹ gbé e sórí tábìlì mímọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà, ẹ yí i, ẹ tún tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ yìí ń gbà, òógùn yóò sì jáde lára, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni ó ń ṣe iṣẹ́ irin róbótó méjì tí Shackleford kó wá. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí ìyẹ̀fun náà bá dán, tí kò lẹ̀ mọ́ tábìlì mọ́. Ẹ ya díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ìka na án títí yóò fi fẹ́lẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó ya, iṣẹ́ ọwọ́ ti parí.

Láti ibí yìí lọ, àkókò ni ó ni iṣẹ́. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa abọ́ lára, ẹ gbé ìyẹ̀fun pípò náà sí i, ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin bò ó, kí ẹ sì lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nínú ooru Ọ̀tà yìí, wákàtí kan tó fún un láti wú di ìlọ́po méjì. Ní àsìkò ọyẹ́, ó lè gbà tó wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì, nítorí ìwúkàrà kò fẹ́ràn òtútù. Ẹ má ṣe wo aago nìkan, ẹ wo ìyẹ̀fun. Ẹ ti ìka yín bọ̀ ọ́: bí ojú ibẹ̀ bá yára dí padà, kò tíì tó, bí ihò náà bá dúró, ó ti tó. Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ ó tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí ẹ ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tí ẹ ó ká a bí ẹní, tí ẹ ó sì gbé e sínú agolo búrẹ́dì tí a ti fi bọ́tà pa, kí ibi tí a ká a dé wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ tún bò ó fún bí ogójì ìṣẹ́jú, títí orí rẹ̀ yóò fi yọ sí ẹnu agolo.

Ẹni tí ó ní ààrò onígáàsì tàbí ti iná mànàmáná, kí ó ti dáná sí i ṣáájú kí ó gbóná dé ọgọ́sàn-án tàbí àádọ́wàá lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì yan búrẹ́dì náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí márùn-ún lé ní ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi kò ní ààrò, àti pé bí ẹ tilẹ̀ ní i, iná mànàmáná lè lọ nígbà tí búrẹ́dì bá wú dé ìdajì. Ẹ má ṣe bọkàn jẹ́. Ẹ wá ìkòkò irin tí ó nípọn, tí ó sì ní ọmọrí. Ẹ da iyanrìn tí a ti fọ̀, tí a sì ti sá gbẹ, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó nípọn tó ìka méjì. Ẹ gbé agolo òfìfo kúkúrú tàbí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lé orí iyanrìn náà, kí agolo búrẹ́dì má baà fara kan iná ní tààrà. Ẹ dé e, ẹ gbé e ka sítóòfù, gáàsì tàbí èédú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí inú rẹ̀ gbóná, kí ẹ tó gbé búrẹ́dì sí i. Ẹ gbé òkúta lé ọmọrí kí ooru má baà jáde, ẹni tí ó bá sì ní èédú lè to ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ọmọrí náà kí òkè búrẹ́dì lè pọ́n bí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni yóò gbà, ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣí i wò kí ìdajì àkókò náà tó kọjá, nítorí afẹ́fẹ́ tútù lè mú kí ó rì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ó ti jinná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù dáadáa kí ọ̀bẹ tó kàn án, nítorí bí ó ti ń tutù ni inú rẹ̀ ń dì. Ẹni tí ó bá gé e ní gbígbóná yóò bá inú rẹ̀ ní lílẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, yóò sì rò pé kò jinná.

Bí ti àkọ́kọ́ kò bá rí bí ẹ ti fẹ́, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ búrẹ́dì náà, nítorí ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ó bá ki, tí ó sì wúwo, ìwúkàrà ti kú ni, tàbí ìyẹ̀fun pọ̀ ju omi lọ, tàbí ẹ kò dúró kí ó wú tó. Bí ó bá wú tán tí àárín rẹ̀ tún jìn, ẹ ti jẹ́ kí ó pẹ́ jù kí ẹ tó gbé e síná. Bí ó bá ń rún wómúwómú, ẹ kò pò ó tó. Bí òórùn kíkan bá ń ti ara rẹ̀ jáde, ooru ti pọ̀ jù fún un níbi tí ó ti ń wú. Bí ó bá tẹ́ lẹ́nu, iyọ̀ ni ẹ gbàgbé. Nínú gbogbo àléébù wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé ọ̀dọ̀ àkókò ni àwọn kan ti wá: a kò fún un tó, tàbí a fún un jù.

Mo gbọ́ ìbéèrè òṣìṣẹ́ kan lọ́kàn rẹ̀ báyìí, tí ó ń wí pé òun tí òun ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, níbo ni òun yóò ti rí wákàtí mẹ́ta tí òun yóò fi jókòó ti ìyẹ̀fun? Ìdáhùn mi ni pé ìwúkàrà kì í gba ọjọ́ ìsinmi, a sì lè fi òru rán an níṣẹ́. Dípò ṣíbí tíì méjì, kí ó lo ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kan péré, kí ó fi omi tútù po ìyẹ̀fun náà kí ó tó sùn, kí ó sì bò ó. Nítorí pé ìwúkàrà náà kéré, yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí òṣìṣẹ́ náà bá jí, yóò bá a ní wíwú, yóò ká a sínú agolo, bí ó bá sì ti wẹ̀ tí ó palẹ̀ mọ́ tán, ó ti tó gbé síná. Búrẹ́dì tí ó sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀ a tilẹ̀ máa dùn ju èyí tí a ṣe ní wákàtí mélòó kan lọ, nítorí bí ó ti ń pẹ́ ni adùn ń wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ẹ̀gẹ́, nítorí kò wọ́n ní ilẹ̀ wa yìí. Ìjọba ológun ti fi òfin de àlìkámà òkèèrè rí, láti 1987 títí di 1992, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, sì ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí búrẹ́dì oníyẹ̀fun àdàlù, èyí tí a fi ẹ̀gẹ́ po mọ́ àlìkámà. Níhìn-ín ní Ọ̀tà ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá oko ńlá rẹ̀ sí lẹ́yìn tí ó gbé ìjọba fún alágbádá ní 1979. Nígbà tí ó sì padà wá di ààrẹ láti 1999 títí di 2007, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ kí àwọn ọlọ́lọ máa fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ po ti àlìkámà. Ẹ̀yin náà lè dán an wò nílé: ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹ̀fun yín, èyí tí í ṣe àádọ́ta gíráàmù nínú ìdajì kílò, kí ẹ fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe làfún, nítorí làfún ti kan, yóò sì gbé òórùn rẹ̀ wọ inú búrẹ́dì. Ẹ má sì ṣe bu ẹ̀gẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ ọn, nítorí kò ní ohun tí ń fà yẹn nínú, bí ó bá sì pọ̀ jù, búrẹ́dì kò ní lè gbé ara rẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin ará mi, láti 2023 tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì ti rẹlẹ̀ níwájú owó ilẹ̀ òkèèrè, gbogbo wa ni a mọ bí owó búrẹ́dì ti ń gòkè tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀. N kò ṣèlérí fún yín pé búrẹ́dì àfọwọ́ṣe yóò dín owó yín kù ní gbogbo ìgbà, nítorí ìyẹ̀fun àti gáàsì náà wọ́n. Ohun tí mo ṣèlérí ni pé ẹ ó mọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ tí ẹ ń fún ọmọ yín, àti pé ojú yín yóò là sí búrẹ́dì tí ẹ bá ń rà ní ọjà: ẹni tí ó ti po ìyẹ̀fun rí, tí ó ti dúró tì í kí ó wú, mọ̀ bí búrẹ́dì bá fúyẹ́ jù fún títóbi rẹ̀, ó sì mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ẹni tí ń tà á. Búrẹ́dì ilé kò ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ó bu. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fi jẹ ẹ́ tán, bí ó bá sì ti bu, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wá mọ́ ọn, tí ó sì fẹ́ sọ ọ́ di òwò, kí ó kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ NAFDAC kí ó tó kó o lọ sí ọjà.

Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ara ẹni ṣe. Ní Sátidé tí ń bọ̀ yìí, ẹ pe àwọn ọmọ yín mọ́ra, ọkùnrin àti obìnrin wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ìwúkàrà tí ń ru, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn po ìyẹ̀fun, nítorí ìmọ̀ tí ó wà ní ìdílé kì í parun. Ẹ fi ìdajì kílò bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe kánjú, ẹ má sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tí ó bá bàjẹ́ mú yín pa iṣẹ́ náà tì.